Ṣé Dandan Ni Fóònù Ńlá Yìí?

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, Ilé-Ogbó ni mo ti gbé e wá. Fún àwọn tí kò mọ ìlú náà, kò jìnnà sí Ìwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, òun sì ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédíre. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ní ọdún tí ó kọjá mo lọ síbẹ̀ fún ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí àwọn ààfáà ti ṣe àdúà tán, tí a ti jẹ, tí a ti mu, àbúrò ìyá mi tí gbogbo wa ń pè ní Màmá fà mí wọ yàrá. Ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó mú nǹkan kan tí ó fi ìborùn wé jáde, ó tú u, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí o máa ń kọ̀wé fún àwọn ènìyàn kà, wo ohun tí àwọn ọmọ mi rà fún mi. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ máa lò ó. Jọ̀wọ́, má tàn mí. Ṣé dandan ni nǹkan yìí?"

Fóònù Android ni, ó rí pẹlẹbẹ, ó sì ń dán bíi dígí. Màmá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Gàrí àti epo pupa ni ó ń tà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, òwò náà ni ó sì fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Ó kù díẹ̀ kí n dá a lóhùn kíákíá pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ayé ti dé ibẹ̀." Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ìbéèrè gidi ni ó ń bi mí. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n rò ó wò." Ohun tí mo rò, àti ohun tí mo rí lẹ́yìn ìgbà náà, ni mo kọ síhìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé ìbéèrè Màmá wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ìyá tí ń ka ìwé yìí.

Bí ó ti rí kí fóònù tó dé

Àwọn kan nínú wa a máa wí pé, "Ṣebí àwọn bàbá wa kò ní fóònù, ṣé wọ́n kú ni?" Òótọ́ ni, wọn kò kú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti rí gan-an. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ará Ilé-Ogbó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Èkó, yóò wá ẹni tí ó mọ̀wé kí ó bá òun kọ lẹ́tà, yóò sì wá èrò ọkọ̀ tí yóò bá òun mú un lọ. Bí ọ̀ràn bá le, ènìyàn ni yóò wọ ọkọ̀ lọ jẹ́ iṣẹ́ náà. Àwa Mùsùlùmí kì í sì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Bí bàbá bá kú ní òwúrọ̀, a ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Mélòó ni àwọn ọmọ tí wọ́n dé láti Èkó tàbí láti Kánò tí ó jẹ́ pé sàréè ni wọ́n bá, nítorí pé ẹni tí a rán kò tètè dé ọ̀dọ̀ wọn? Àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí kò ní í sọ pé fóònù kò wúlò.

Tẹlifóònù àti wáyà kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1886 ni àwọn òyìnbó ti na wáyà gba abẹ́ òkun láti fi so Èkó mọ́ London. Ṣùgbọ́n ti ìjọba àti ti àwọn oníṣòwò ńlá ni. Ní ọdún 1985 ìjọba dá ilé-iṣẹ́ NITEL sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún 2000 ń parí lọ, gbogbo ìlà tẹlifóònù tí ó wà ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwa ènìyàn ibẹ̀ sì ti ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ìyẹn ni pé bí a bá fẹ́ pín in, ìlà kan ni ènìyàn 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 2001 ni ìjọba ta ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká, mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN ti ń ta síìmù fún aráàlú. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan nígbà náà. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ díẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú kan, owó ìṣẹ́jú méjì ni ẹ óò san. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni Globacom dé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e. Ẹ rántí àwọn obìnrin tí wọ́n ń jókòó sábẹ́ agboòrùn lójú títì tí wọ́n ń fi fóònù wọn ṣòwò, tí ènìyàn yóò dúró síwájú wọn, tí yóò máa pariwo bí ẹni pé ohùn rẹ̀ ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé Èkó. Ẹ rántí fíláàṣì náà, tí a óò pe ẹnì kan tí a óò sì tètè gé e, kí ó lè fi owó tirẹ̀ pè wá padà.

Ọdún 2003 yẹn náà ni Nokia 1100 jáde, fóònù kékeré tí ó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Èyí tí wọ́n tà káàkiri ayé ju mílíọ̀nù 250 lọ. Kò yà mí lẹ́nu. A fi pe ọmọ, a fi wá ọ̀nà ilé ìdáná nígbà tí iná bá lọ, bí ó bá já bọ́ a óò mú un nílẹ̀, a óò nù ún, yóò sì tún máa ṣiṣẹ́. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ ni Màmá ń lò ní tirẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, títí di ọdún 2023.

Epo méjì àti àdúà kan

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó náírà 200, 500 àti 1000. Ẹ kò tíì gbàgbé ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kejì ọdún 2023, owó bébà di ohun àwátì. Ẹni tí ó ní owó ní báńkì kò rí owó ra ẹ̀kọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá a lẹ́jọ́ pé kí a máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, oníṣòwò tí kò bá gba owó láti orí fóònù yóò kó ọjà rẹ̀ padà sílé ni.

Màmá ní àkáǹtì ní báńkì. Bí oníbàárà bá fi owó ránṣẹ́, fóònù tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ yóò dún, iṣẹ́ tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò wọlé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò kà á, yóò ní, "Ìyá Àgbà, álátì ti wọlé." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ní ọjọ́ kan, bí wọ́n ti kí ìrun Àsárì tán, tí ọmọ náà kò tíì dé láti ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ sí Màmá. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì ra kẹ́ẹ̀gì epo méjì. Ó tẹ fóònù rẹ̀ títí, fóònù Màmá sì dún lóòótọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, ó ti wọlé." Màmá wò ó, ó rí i pé nǹkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè kà á. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run yóò fi àlùbáríkà sí i fún ọ." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní "Àmín", ó gbé epo, ó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé tí ó ka iṣẹ́ náà. Kì í ṣe báńkì ni ó kọ ọ́. Láti orí nọ́ḿbà fóònù kan lásán ni ó ti wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ bí báńkì ti máa ń kọ ọ́. Kọ́bọ̀ kan kò wọ àpò Màmá. Nígbà tí ó ń sọ ọ́ fún mi, kò sunkún, ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe epo náà ni ó dun òun jù. Ó ní, "Mo ṣàdúà fún un, ọmọ mi. Ó dúró níwájú mi, ó jẹ́ kí n ṣàdúà fún òun, ó sì ṣe àmín."

Fóònù náà, ta ni ó ni ín?

Nítorí ọ̀rọ̀ epo yìí ni àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe dá owó jọ nígbà tí ó yá tí wọ́n ra fóònù ńlá. Èrò wọn dára. Wọ́n yọ síìmù kúrò nínú fóònù tọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi sínú ti tuntun, wọ́n sì fi ti àtijọ́ fún àwọn ọmọdé láti máa fi ṣeré.

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ tí mo wí yẹn, wọ́n rọ Màmá títí ó fi gbé e jáde nínú àpótí. Kí a má purọ́, ó rí ìdùnnú níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan wà ní London tí wọn kò tíì fojú kan ara wọn fún ọdún méje. Ọjọ́ tí wọ́n fi WhatsApp pè é tí ó rí ojú ọmọ yìí, tí ó sì rí ọmọ-ọmọ tí kò gbé pọ̀n rí, gbogbo ilé ni ó gbọ́ ariwo rẹ̀. Ó ní ọmọ náà jọ bàbá òun.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí fóònù náà fi di ti ọmọ-ọmọ tí ó wà nílé. Òun ni ó mọ ibi tí a ń tẹ̀. Òun ni ó ń ka álátì. Òun ni ó mọ PIN, ìyẹn nọ́ḿbà àṣírí tí a fi ń gba owó. Ẹ má ṣe pè é ní olè o. Ọmọ dáadáa ni, a máa jí Màmá fún Sààrì nígbà ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí ó bá mú kọ́kọ́rọ́ àpótí dání, bó pẹ́ bó yá, yóò ṣí i wò. Náírà 200 fún dátà lónìí, náírà 500 fún eré bọ́ọ̀lù lọ́la, Màmá kò sì mọ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń ná owó náà ni ó ń ka ìyókù rẹ̀ fún un.

Ní òru ọjọ́ kan, ọmọ Màmá tí ó kéré jù, tí ó wà ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Nǹkan le díẹ̀, àwọn dókítà sì ní iṣẹ́ abẹ ni àwọn yóò ṣe. Ó ní kí ọkọ òun pe ìyá òun, kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó gbé òun wọlé. Ọkọ rẹ̀ pè ní ìgbà méje. Fóònù ńlá náà wà nílẹ̀, ó ti kú, nítorí pé ọmọ-ọmọ ti fi wo bọ́ọ̀lù títí iná inú rẹ̀ fi tán. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni aládùúgbò kan sáré gbé fóònù tirẹ̀ wá fún Màmá, tí ó gbọ́ pé ìyá àti ọmọ yè. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Màmá jókòó lórí ẹní ìrun rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Nígbà tí fóònù mi kéré, kò sí ọmọ mi kan tí ó pè mí tí kò bá mi."

Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo mọ̀ pé a kò tíì dá Màmá lóhùn. Àwọn ọmọ ti ra fóònù fún un, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ di olówó fóònù. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ojú ẹlòmíràn ni ó fi ń wo owó rẹ̀, ojú ẹlòmíràn ni ó fi ń wo iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i, bóyá fóònù náà kéré tàbí ó tóbi.

Háráfì ṣí ilẹ̀kùn

Nígbà tí mo padà sí Ilé-Ogbó ní ọdún Iléyá, mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan dání. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ni ó sì ń lọ. Bí a ti jókòó, ó rí ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá gàrí Màmá, ó sì ṣí i. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ta ni ó kọ èyí?"

Màmá ni ó kọ ọ́. Ìwé gbèsè rẹ̀ ni. Màmá kò lọ sí ilé-ìwé òyìnbó rí, ṣùgbọ́n ó ké kéwú dáadáa nígbà èwe rẹ̀. Háráfì kéwú ni ó fi ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jẹ ẹ́ lówó sílẹ̀, ní èdè Yorùbá, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa ni a ti rí ìwé náà. Gbogbo wa náà ni a sì ń sọ pé Màmá kò mọ̀wé!

Ọmọbìnrin yìí mú fóònù ńlá náà, ó lọ sí ibi tí a ti ń yan èdè, ó fi háráfì Lárúbáwá kún àwọn lẹ́tà tí a fi ń tẹ̀wé lórí rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó gbé e fún Màmá. Màmá wò ó, ó wo ojú wa, ó tún wò ó. Ó fi ìka tẹ álífù, álífù sì jáde. Ní ọjọ́ náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ márààrún sínú fóònù, orúkọ Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tí háráfì kò lè gbé. Ó fi ìka tẹ orúkọ èyí tí ó wà ní Ìbàdàn. Ó wọlé. Nígbà tí ọmọ náà ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí o?", nítorí ó rò pé ọmọ-ọmọ ni ó tẹ̀ ẹ́ fún un ní kíákíá, Màmá ní, "Èmi ni. Èmi ni mo pè ọ́ fúnra mi." Ẹkún ni ó gba ọmọ náà lẹ́nu.

Ti nọ́ḿbà kò ṣòro rárá. Ta ni ó ta epo fún ogójì ọdún tí kò mọ nọ́ḿbà ara owó? A kọ́ ọ bí yóò ti tẹ kóòdù báńkì rẹ̀ láti fi wo iye owó tí ó kù nínú àpò, tí ó jẹ́ pé nọ́ḿbà nìkan ni yóò wò. Nígbà tí ó tó àkókò láti pààrọ̀ PIN, Màmá ní kí gbogbo wa jáde kúrò nínú yàrá. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Lẹ́yìn náà a gba fóònù tọ́ọ̀ṣì padà lọ́wọ́ àwọn ọmọdé, a ra síìmù mìíràn sí i. Abẹ́ ìrọ̀rí Màmá ni ó ń sùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó mọ nọ́ḿbà rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi ṣeré.

Ìmọ̀ràn mi fún yín

Èkíní, ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí fóònù ṣe kí ẹ tó rà á. Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun yóò rántí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 2013. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Wọ́n ti mọ ohun tí ó wà fún kí wọ́n tó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Fóònù kékeré a máa pe ènìyàn, a máa gba iṣẹ́, a sì máa ṣiṣẹ́ báńkì pẹ̀lú kóòdù láìlo dátà. Ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò JAMB pàápàá lè fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ láti orí rẹ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀. Bí èyí bá tó yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má sì fi owó òwò ra fóònù ńlá. Dátà náà ní owó tirẹ̀, pàápàá láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn.

Èkejì, ẹ má gba álátì gbọ́ nítorí pé fóònù dún. Ẹ wo iye owó tí ó wà nínú àpò yín kí ẹ tó jẹ́ kí ọjà lọ. Oníbàárà tí ó jẹ́ olóòótọ́ yóò dúró.

Ẹ̀kẹta, PIN yín dà bí ìtẹ́lẹ̀dí, a kì í yá ènìyàn lò. Kò sí báńkì tí yóò pè yín lórí fóònù láti béèrè rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè rẹ̀, ẹ pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ẹ̀kẹrin, síìmù yín gbọ́dọ̀ wà lórí NIN yín, kì í ṣe ti aládùúgbò. Láti oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí a so wọ́n pọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022 wọ́n dí ẹnu ọ̀pọ̀ síìmù tí a kò so, tí àwọn tí ó ni wọ́n kò lè pe ènìyàn mọ́. Bí síìmù bá wà lórúkọ ẹlòmíràn, ẹni náà ni ó ni ín, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ̀karùn-ún, kì í ṣe gbogbo ohun tí WhatsApp bá gbé wá ni òótọ́. Ẹ̀sìn wa ti kọ́ wa pé kí a wádìí ìròyìn kí a tó gbà á, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe ẹnì kan léṣe. Ẹni tí ó ní ìjọba ń pín owó, kí ẹ tẹ ibì kan kí ẹ lè gba tiyín, ọmọ ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin elépo ni. Bí iṣẹ́ ìpolówó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù bá sì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, STOP, ránṣẹ́ sí 2442. Nọ́ḿbà tí ẹ lè tẹ̀ bí ewu bá dé ni 112. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Ẹ̀kẹfà ni ó ṣe pàtàkì jù, ẹ̀yin ọmọ ni mo sì ń bá wí. Bí ẹ bá ra fóònù fún ìyá yín, iṣẹ́ yín kò tíì parí. Ẹ jókòó tì í. Ẹ wádìí ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí ó bá mọ háráfì, ẹ fún un ní háráfì. Bí ó bá mọ nọ́ḿbà, ẹ fún un ní nọ́ḿbà. Bí kò bá mọ èyíkéyìí, ẹ fi àwòrán ojú yín sí ibi orúkọ yín, kí ó lè fi ìka tẹ ojú ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ́ ọ bí a ti ń fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ máa ṣe sùúrù. Nígbà tí ẹ̀yin ń kọ́ bí a ti ń rìn, kò sọ fún yín pé ẹ lọ́ra.

Ìdáhùn tí mo fún Màmá nìyí, tí mo sì fún ẹ̀yin náà. Kí ènìyàn lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nígbà ìṣòro, dandan ni. Kí oníṣòwò lè mọ̀ bóyá owó ọjà rẹ̀ wọlé, dandan ni. Ṣùgbọ́n fóònù tí ó tóbi kì í ṣe dandan fún gbogbo ènìyàn, èyí tí ó bá sì wọ inú ilé, kí ẹni tí ó ni ín mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìró kan wọlé sórí fóònù mi. Ohùn Màmá ni, òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ránṣẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, epo ti wọ́n o. Bí o bá fẹ́ rà, fi owó ránṣẹ́, èmi yóò wò ó fúnra mi." Mo fi owó ránṣẹ́. Ó wò ó. Ó tó wákàtí kan kí ó tó dá mi lóhùn pé ó ti wọlé, nítorí ó ní òun wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ìyá wa, kí ó má jẹ́ kí a pè tí a kò ní bá wọn. Àmín.